Ìbọn Ọdẹmúyìwá Tó Wà Lọ́wọ́ Mi

Èmi, Dúróríkẹ́ Ìyápọ̀, opó olóògbé Ìyápọ̀ ọdẹ, tí mò ń gbé ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ń kéde pé orí mi pé, kò sì sẹ́ni tó ń fipá mú mi sọ̀rọ̀. Àyà ló ń dùn mí. Ọpọlọ mi kò ṣe nǹkan kan. Ìhágún mi nìyí.

1. Àbúrò ọkọ mi, Bàbá Jẹ́ẹ́dé, ni mo yàn láti mú un ṣẹ. Òfin ní kí n kọ orúkọ wọn gan-an: Ọ̀ṣúntóbi Ìyápọ̀. Ìyàwó ilé kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ẹ má bínú, ìwé ló fà á.

2. Ilé mi tó wà lọ́nà Àgọ́-Àmọ̀dù, kí àwọn ọmọ mi méjèèjì, Ọdẹmúyìwá àti Ọdẹ́tọ́lá àbúrò rẹ̀, jọ ni ín. Wọn kò gbọdọ̀ tà á. Wọn kò gbọdọ̀ mọ ògiri sí àárín rẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ ìdí, kó gbọ́. Ọdẹ́tọ́lá gé igi irúgbá tí bàbá wọn fi sílẹ̀, ó fi sun èédú tà, kò bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léèrè. Ọdẹmúyìwá tìgbẹ́ ọdẹ dé, ó bá kùkùté. Mo rí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n rí irú rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣe bí ọmọ ọdẹ. Nílé ọkọ mi, ọdẹ tí inú bá ń bí kì í mú ìbọn dání. Yóò gbé e fún obìnrin tó dàgbà jù nílé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì padà wá gbà á nígbà tí inú rẹ̀ bá rọ̀. A kì í gbé e tọ̀ ọ́ lọ, a kì í sì í ránṣẹ́ pè é. Ó gbé ìbọn lé mi lọ́wọ́, ó dọ̀bálẹ̀, ó gba Adó-Àwáyè lọ. Ọdún kẹsàn-án rèé. Ẹ̀jẹ̀ kò ta sílẹ̀, mo dúpẹ́. Àmọ́ ọmọ mi kò wálé mọ́.

3. Odó àti àwọn ìkòkò tí mo fi ń ṣe òrí, Àwáwù ìyàwó Ọdẹ́tọ́lá ló ni wọ́n. Àwáwù, bí inú bá ń bí ọ, òrí ni kí o máa pò. Gbogbo èyí tí àwọn oníbàárà ń yìn pé ó funfun yẹn, ìbínú ló pò ó! Ẹnu bàbá àwọn ọmọ ló fà á, kí ilẹ̀ dẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá pò ó tán, màá fọwọ́, màá lọ sọ ohun tó dùn mí fún wọn lójúkojú.

Gbogbo ayé ló ń sọ pé ìbínú kò da nǹkan fúnni. Òwe náà dùn létí, àmọ́ kò sọ ohun tí èèyàn máa ṣe sí i lọ́jọ́ tó bá dé. A kọ́ Ọdẹmúyìwá kó gbé ìbọn sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ pé kó padà wá sọ̀rọ̀.

4. Àwọn abo ewúrẹ́ mi, ti Sodiqat ọmọ Ọdẹ́tọ́lá ni. Òbúkọ tó ń kan èèyàn kiri yẹn, ẹ pa á jẹ níbi ìsìnkú mi. Ó ti yọ mí lẹ́nu tó.

5. Ìbọn náà ńkọ́? Mo pa àṣà mọ́, mò ń wojú ọ̀nà láràárọ̀, ó ti sú mi. Bàbá Jẹ́ẹ́dé, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé e lọ bá a ní Adó-Àwáyè. Ẹ má dúró de ikú mi. Kí Ọdẹ́tọ́lá bá yín lọ. Ó ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi títí, àmọ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló yẹ kó ti tọrọ rẹ̀.

6. Bí Ọdẹmúyìwá bá bèèrè bóyá inú ṣì ń bí mi sí òun, ẹ má parọ́. Inú ń bí mi gidi. Bí mo bá gúnyán, tí mo tún bu tiẹ̀ sọ́tọ̀ láìmọ̀, ṣe ni inú á tún bí mi, màá sì sunkún. Ẹ sọ fún un bẹ́ẹ̀. A kì í bínú sí ẹni tí a ti gbàgbé. Kó wá bá mi jà, kó má dákẹ́ sí mi mọ́.

Mo tẹ̀ka síbí ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà, ọdún 2024.

Dúróríkẹ́ Ìyápọ̀ (àtàńpàkò òsì)

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Mọ́ládé Ọdẹ́wálé, nọ́ọ̀sì
Cornelius Òjó, tíṣà, ẹni tó bá mi kọ ọ́, tó sì kà á sí mi létí