Kì Í Ṣe Ìwà Bàbá Ni Mo Jogún

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ọyẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín láti Ìlọrin níbí. Mo kí Àǹtí Bọ̀sẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí, torí mo mọ̀ pé ojú yín kò gbé ìwé wẹ́wẹ́ mọ́. Mo kí ìyàwó Bàbá Káyọ̀dé àtàwọn ọmọ wọn kú ìrọ́jú, bí wọ́n bá ṣì fẹ́ gbọ́ ìkíni lẹ́nu mi. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibì kankan. Mo fún àwọn oníwèé ìròyìn ní lẹ́tà yìí kí gbogbo ẹbí lè kà á, nítorí gbogbo ẹbí náà ló ti dá mi lẹ́jọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó dùn yín jù. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìkórè, ẹ pè mí lórí fóònù bí ìṣe yín. Ẹ sọ̀rọ̀, mo ní àmín. Ẹ tún sọ̀rọ̀, mo tún ní àmín o, Màmá, Ọlọ́run á ṣe é. Àṣé ikú Bàbá Káyọ̀dé, àbúrò yín kan ṣoṣo, ni ẹ ń túfọ̀ fún mi. Ẹ ń sunkún, mo ń ṣe àmín. Àtẹ̀jíṣẹ́ Àǹtí Bọ̀sẹ̀ ló jẹ́ kí n mọ ohun tí mo ṣe. Ìparí rẹ̀ ni pé ẹ ní ìwà bàbá mi ni mo jogún: kí wọ́n ké pe èèyàn títí, kó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti gbé fóònù yín mọ́, ẹ sì rò pé ìgbéraga ni. Màmá, mi ò gbọ́ yín ni. Tí mo bá gbé fóònù sétí, ohùn yín kò ju ti eṣinṣin inú ìgò lọ. Mo máa ń ṣe àmín níbi tí mo bá rò pé àdúrà wà.

Ẹ ò tíì rí ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ rí. Ilé omi ni. Omi odò á wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀, a ó da álọ́ọ̀mù sí i kó lè tòrò, a ó sẹ́ ẹ gba inú yanrìn, a ó fi oògùn pa kòkòrò inú rẹ̀, lẹ́yìn náà pọ́ǹpù ńlá mẹ́ta á tì í lọ sí ìgboro. Iṣẹ́ tèmi ni kí àwọn pọ́ǹpù náà má kú. Tí ọ̀kan bá kú, wọn á mọ̀ ní GRA, wọn á mọ̀ ní Post Office, fóònù ọ̀gá wa ò sì ní sinmi. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti lò nínú ariwo yẹn. Wọ́n fún wa ní ohun tí a ó fi máa dí etí. Inú dúróò mi ni tèmi wà, torí mo gbà pé ẹni tó bá dí etí kò ní mọ ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣàìsàn.

Bàbá ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí sikurudíráfà gígùn tí wọ́n máa ń mú dání nílé ẹ̀rọ ìlọta wọn. Wọ́n á fi ẹnu rẹ̀ kan irin, wọ́n á fi èèkù rẹ̀ ti egungun ẹ̀yìn etí, wọ́n á dijú. Wọ́n ní ẹ̀rọ máa ń ké kó tó kú. Ohun tí mò ń ṣe nílé omi náà nìyẹn, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi sọ mí ní Dókítà. Inú mi dùn sí orúkọ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Etí kò lọ lọ́jọ́ kan. Ohùn obìnrin ló kọ́kọ́ ń jìnnà sí mi. Lẹ́yìn náà ni mi ò gbọ́ ìpè ìrun àárọ̀ mọ́ láti mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí mo gbà yàrá sí ní àdúgbò Basin. Onígbàgbọ́ ni mí, àmọ́ ìpè yẹn ni mo fi ń jí lọ síbi iṣẹ́. Mo tọ ládàánì lọ, mo bi í bóyá ẹ̀rọ gbohùn-gbohùn wọn bàjẹ́. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Mo kúrò níwájú rẹ̀ kíá, mo ra aago tó máa ń gbọ̀n, mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí, mi ò sì sọ fún ẹnì kankan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá jẹun. Ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn ti di iṣẹ́ àṣekára fún mi.

Ọyẹ́ ọdún yìí ni gbogbo rẹ̀ dé ojú ẹ̀. Alfa Sáká, ọmọ Ìlọrin pọ́ńbélé tó ń ṣọ́ àwọn pọ́ǹpù, wá bá mi láàárọ̀ Alàmísì kan pé ohùn pọ́ǹpù kejì ti yí padà. Mo gbé sikurudíráfà lé ilé bíárìn, níbi tí irin pọ́ǹpù ti ń yí, mo dijú. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀rù ló yẹ kó bà mí, Màmá, ṣùgbọ́n ojú ló tì mí. Mo ní kò sí nǹkan tó ṣe é, kí wọ́n jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́. Wọ́n sì gbà, torí Dókítà ló sọ̀rọ̀. Ìrọ̀lẹ́ kò tíì lẹ́ tí bíárìn náà fi fọ́, irin tó ń yí fò jáde, ó gé ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún Alfa Sáká. Ọwọ́ tó fi ń kọ wàláà fún àwọn ọmọ kéú nìyẹn.

Ọjọ́ mẹ́rin ni ìdajì ìgboro kò fi rí omi. Àwọn aládùúgbò mi ń gbé kẹ́ẹ̀gì kiri, èmi ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Alfa Sáká ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá lọ kí i pé kádàrá ni. Mi ò lè fara da ìyẹn. Mo lọ bá a nílé, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ó wá sún mọ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sí ẹnu rẹ̀, ó sì rọra sọ ọ́ kí n lè rí i:

“Dókítà, ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń pè ọ́ látẹ̀yìn, tí o kì í dáhùn. Mo rò pé o ń fojú di mí ni. Wàláhì, ká ní o sọ fún mi, èmi ni ǹ bá máa bá ọ gbọ́ ọ.”

Kò sọ pé òun dárí jì mí, mi ò sì bi í. Mo lọ sọ fún ọ̀gá wa. Wọ́n gbé mi kúrò nílé pọ́ǹpù, yàrá irinṣẹ́ ni mo wà báyìí, mò ń yá àwọn ọmọ ẹ̀yìn mi ní sípánà. Owó tí mò ń fi ránṣẹ́ sí yín á dín díẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Dókítà mọ́.

Nílé ìwòsàn, dókítà gidi yẹ etí mi wò. Ó kọ ọ́ sínú ìwé fún mi pé èyí tó ti lọ kò ní padà, pé ariwo ló jẹ ẹ́. Ó tún kọ ọ́ pé, ṣé ẹnì kan nínú ẹbí mi ti ní irú rẹ̀ rí? Mo fẹ́ kọ rárá. Bíró dúró sí mi lọ́wọ́.

Màmá, ọjọ́ kànga ni mo rántí. Ẹ ń fa omi lẹ́yìnkùlé, ẹsẹ̀ yín yọ̀, itan yín kán. Ẹ ké pe Bàbá tí wọ́n jókòó níwájú ilé, tí wọ́n ń tún bẹ́líìtì ẹ̀rọ ṣe. Ẹ ké títí, wọn kò dìde. Ìyá Ràṣí láti ilé kejì ló wá gbé yín. Láti ọjọ́ náà títí Bàbá fi kú, ẹ ò bá wọn sọ ju oúnjẹ rèé lọ, ẹ sì ń tiro dòní.

Ogún ọdún ó lé ni Bàbá fi dúró ti ẹ̀rọ ìlọta yẹn. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe máa ń tẹjú mọ́ wa lẹ́nu tí a bá ń sọ̀rọ̀, tí àwa ọmọ ń sọ pé wọ́n le? Ẹnu wa ni wọ́n ń wò kí wọ́n lè mọ ohun tí à ń sọ. Ẹ rántí pé àwọn ló máa ń rẹ́rìn-ín kẹ́yìn? Èmi náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ̀, Màmá. Ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí ẹni tó ń gbọ́ ohùn irin, báwo ni yóò ṣe sọ pé òun ti dití? Wọ́n gbà kí ẹ pe àwọn ní ènìyàn burúkú, kí ẹ má ṣáà ti mọ̀. Ọ̀nà kan náà ni mo gbà, ìka ẹlòmíràn ló bá a lọ. Kì í ṣe ìwà Bàbá ni mo jogún. Ìtìjú wọn ni.

Mi ò ní kí ẹ gbàgbé ìrora yín. Ẹ ké lóòótọ́, ẹnì kankan kò dá yín lóhùn. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì wà láyé.

Mò ń bọ̀ nílé ní ọdún Àjíǹde. Tí mo bá wọlé, ẹ má pè mí látẹ̀yìn. Ẹ wá síwájú mi, níbi tí oòrùn wà, kí ẹ kì mí ní Àkànní, màá rí i lẹ́nu yín. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹsẹ̀ yín kò ní yọ̀ mọ́, ẹ ò sì ní ké pe ẹni tí kò ní dáhùn mọ́. Ẹ bá mi kí Ìyá Ràṣí, ẹ kí àwọn ọmọ Àǹtí Bọ̀sẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kí gbogbo ìjọ. Tí ẹ bá sì lè rìn dé ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀rọ, ẹ bá mi kí Bàbá lójú oórì wọn. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti kí wọn kẹ́yìn. Wọn ò gbọ́ yín lọ́jọ́ náà ni, Màmá. Ká ní wọ́n gbọ́ ni, wọn ì bá sáré.

Èmi ni ọmọ yín,
Àkànní