Wọ́n Yan Láìfọn Fèrè

Igbara-Odò, ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́

Mi ò mọ̀ bóyá ohun tó yẹ la ṣe lónìí.

Àdúrà ọjọ́ kẹjọ Bàbá mi la ń ṣe lọ́wọ́ tí bọ́ọ̀sì yunifásítì fi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ báńdì tí Bàbá darí títí tó fi kú ló bọ́ sílẹ̀, tàwọn ti yunifọ́ọ̀mù àti fèrè wọn. Ṣadé, aṣíwájú wọn, kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Àǹtí, Bàbá ní ká wá fọn fèrè lórí ibojì òun."

Ìyá mi ní ohun tí Bàbá sọ fún òun kọ́ nìyẹn. Bàbá sọ fún un pé òun ò fẹ́ ariwo kankan. Ta ni ká wá gbà gbọ́?

Bàbá Àlàájì, ẹ̀gbọ́n Bàbá, ti gbọ́. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọn fèrè nítorí òkú ulé yìí!" Kò lọ wo báńdì yẹn rí láyé Bàbá.

Ṣadé ò jiyàn. Wọ́n tò sójú títì, wọ́n gbé fèrè sẹ́nu, wọn ò fọn ọ́n, wọ́n kàn ń yan lọ sí itẹ́ òkú, èmi náà tẹ̀ lé wọn. Ẹsẹ̀ wọn ń dún pọ̀ gìrì, gìrì. Àwọn ọlọ́kadà dúró. Obìnrin tó ń sá kòkó dìde.

Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí Bàbá Àlàájì tó ń tẹ̀ lé wa. Nígbà tá a débẹ̀, omi ti kún ojú rẹ̀.

Ó ní, "Kí ló dé tí wọn ò fọn ọ́n?"

Ṣadé wò mí, èmi náà wò ó. A ò mọ̀ bóyá ó ń bi wá ni, àbí ó ń bẹ̀ wá pé kí wọ́n fọn ọ́n. Kí n tó la ẹnu, Bàbá Àlàájì ti yí padà, ó ń lọ sílé.