Bàámi Jókòó Sẹ́yìn Kẹ̀kẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin,

Ẹ kú àjò o. Ẹ bá mi kí ọkọ yín, kí ẹ gbá ọmọ mọ́ra fún mi. Màámi ń kí yín, orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀.

Èmi tẹ́ ẹ ní mo sá níléèwé ti di gbajúmọ̀ o! Láràárọ̀ Sátidé, ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ àdúgbò wa máa ń fi kẹ̀kẹ́ oníjòkòó méjì gbé àwọn tí ò ríran lọ gbatẹ́gùn, lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn á jókòó sẹ́yìn, èmi á máa darí níwájú. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó mi.

Ọkàn mi ò balẹ̀ ṣá. Bàámi wá wò wá ní Sátidé tó kọjá. Alága wa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀: "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ darí ni?"

Wọ́n ní, "Ẹ̀yìn ọmọ mi ni màá jókòó sí."

La bá bú sẹ́rìn-ín, mo sì gbé wọn sẹ́yìn, a gbéra. Nígbà tá a kọjá níwájú ilé wa, wọ́n rọra bi mí pé, "Ibo la dé yìí?"

Ẹ̀rín bá pa mọ́ mi lẹ́nu. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún yín. Mo ní ká lọ rí dókítà ojú, wọ́n ní ṣé èmi tí ò parí ìwé ló fẹ́ kọ́ àwọn lọ́gbọ́n. Ẹ̀yin ni wọ́n ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n lónìí. Ẹ sọ pé èmi ni mo tú àṣírí, kí wọ́n bínú sí mi.

Ẹ ò ní fẹsẹ̀ kọ lọ́hùn-ún o. Tí wọ́n bá ti gbà láti lọ rí dókítà, ẹ tètè pè mí. Mo ti yá kẹ̀kẹ́ náà wá sílé.

Àbúrò yín,
Ẹsẹ̀-Bí-Iná