Ọ̀rẹ́ Mi Sọ̀rọ̀ Lẹ́ẹ̀kan Péré, Ìgbìmọ̀ Gbọ́

Olóòtú wa, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, ìlú wa ní Flọ́rídà níbí kéré.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ wa pa, kò sí ìpàdé tí mi ò lọ. Bí mo bá ti ń bẹ̀bẹ̀, alága á máa tẹ fóònù. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dìbò, mo bẹ ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká pè é ní Rowena, kó sìn mí lọ. Nígbà tá a débẹ̀, ló bá ṣàdédé dìde.

Ó ní, "Ẹ̀yìn ọgbà ilé ẹ̀kọ́ yẹn la sin ọkọ mi sí. Ariwo àwọn ọmọ ló ń gbọ́. Ṣé ẹ fẹ́ kó máa dá wà ni?"

Alága bú sẹ́kún. Wọn ò ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa mọ́.

Ní báyìí, wọ́n fẹ́ fi orúkọ Rowena sọ yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó wá bá mi lánàá, ó ní, "Ọ̀rẹ́ẹ̀ mi, ìwọ lo mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Wá sọ̀rọ̀ nípa mi lọ́jọ́ ayẹyẹ náà."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú ń bí mi. Ẹnu tèmi, ṣé ẹnu kọ́ ni?

Ẹ̀yin ará, ṣé kí n lọ yìn ín, àbí kí n ní ara mi ò yá? Ẹ rọra dáhùn o, Rowena náà máa ń gbọ́ ètò yín.