Ibi Tí Ẹ Ti Máa Ń Gbé Abẹ́rẹ́ Sókè

Bàbá mi ọ̀wọ́n, olóhùn agolo,

Ẹ má bínú pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kí yín. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ohùn yín kò dára. Nígbà tí ẹ wà láyé, n kò lè sọ ọ́ lójú yín, torí ọmọ tí a kọ́ kì í sọ irú ẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Ní báyìí tí ẹ ti wà níbi tí ẹ kò ti lè ṣẹ́jú sí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí ara mi fúyẹ́. Bí agolo mílíìkì tí wọ́n ń wọ́ lórí kọnkéré ni ohùn yín rí, ẹ sì ń fi kọrin lójoojúmọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù yín ní àdúgbò Slipway létí omi láìtijú.

Òjò Monrovia ti tún dé. Ó ti pé ọdún kan báyìí tí a sin yín. Mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé, n kò sì tíì lọ́kọ. Ẹnìkan ń fẹ́ fẹ́ mi o, ṣùgbọ́n ẹ má tíì dunnú. Ẹnjiníà kan ni, ọmọ Yorùbá láti ilé bíi tiwa, tó ń gbé ní Congo Town nínú ilé tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè ló máa ń pe àwa tá a kàwé wá sí pálọ̀ rẹ̀ láti wá gbọ́ orin. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: a kì í jó, a kì í jẹun, a kì í tàkúrọ̀sọ. Orin la wá gbọ́. Dókítà kan, òṣìṣẹ́ báńkì kan àti ìyàwó rẹ̀, àti èmi ọmọ yín, a ó jókòó yí rẹ́díógíráàmù ká bí ẹni tó wá ṣọ́ òkú. Ẹnjiníà á fi aṣọ funfun nu àwo orin, á fẹ́ atẹ́gùn sí i, á tún un nù. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, á ti kọ́kọ́ sọ ohun tó yẹ ká gbọ́ nínú rẹ̀ fún wa. Bó bá wá bẹ̀rẹ̀, á dijú, á na ìka kan sókè. Ẹni tó bá wúkọ́ nínú wa ti dáràn.

“My dear, ẹ gbọ́ bass yẹn,” ló máa ń wí fún mi. “So clean! Kò sí ariwo kankan nínú ẹ̀.”

Wọn kò gbádùn rẹ̀ rárá, Bàbá. Mo ti wo ojú wọn. Òṣìṣẹ́ báńkì máa ń sùn, ó kàn mọ bí a ṣe ń sùn tẹ̀yẹtẹ̀yẹ ni. Ìyàwó rẹ̀ máa ń ka òdòdó ara kọ́tìnì. Dókítà máa ń mi orí níbi tí kò sí ohun tó yẹ ká mi orí sí. Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ló ṣe mí láàánú jù: ó mọ iye okùn tó wà lára gìtá, kò mọ orin kan ṣoṣo tó lè fi rẹ ọmọ tó bá ń ké. Ó ní orin tó dára kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, pé ẹni tó bá ti gbé ọ̀rọ̀ ìyá àti bàbá rẹ̀ wọ inú orin ti ba orin jẹ́. Ẹ wo òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ purọ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kí ni kò ní dùn mọ́ mi? Ọmọ tí bàbá rẹ̀ fi orin dójú tì ni mí.

Ẹ rántí àwo yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ní àwo kan ṣoṣo láyé, báwo lẹ ṣe fẹ́ gbàgbé rẹ̀? Àwo sákárà tí ẹ gbé wá láti Abẹ́òkúta, tí ẹ fi àǹkárá wé sínú àpótí bí ọmọ tuntun. Ọmọ ọdún méje ni mí lọ́jọ́ tí mo fẹ́ lu orin fún bèbí onírọ́bà mi. Mo yí ọwọ́ giramafóònù yín bí ẹ ṣe máa ń yí i, mo gbé abẹ́rẹ́ lé àwo, ọwọ́ mi yọ̀, abẹ́rẹ́ sì ha á. Láti ọjọ́ náà, bí orin bá ti dé ibi tí akọrin ti fẹ́ máa ki ọlọ́lá kan, abẹ́rẹ́ á há, á máa tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ bí akólòlò. Ẹ kò nà mí. Ẹ kò tilẹ̀ bá mi wí. Ohun tí ẹ ṣe burú jùyẹn lọ lójú mi: ẹ sọ mí dorin.

Lójoojúmọ́, bí ẹ bá ti kírun Alaásàrí tán, ẹ ó gbé ẹ̀rọ náà síta. Bó bá ti há, ẹ ó fi ìka gbé abẹ́rẹ́ sókè, ẹ ó máa fi ohùn ara yín kọrin, títí ẹ ó fi gbé e kọjá ibi tó há yẹn. Ohun tí ẹ sì fi ń bẹ̀rẹ̀ ni pé Àṣàkẹ́ ló ha àwo mi. Létí gbogbo Slipway! Àwọn atukọ̀ ń gbọ́, àwọn alájàpá ń gbọ́, ọmọ kíláàsì mi tí wọ́n rán níṣẹ́ ń gbọ́. Bí mo bá ti gbọ́ ìlà kan yẹn ni mo máa ń sá wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. N óò fi ìka di etí, n óò sì máa kọ orin tí àwọn tíṣà kọ́ wa kíkankíkan, kí n má baà gbọ́ ìyókù. Mo gbà pé ìyókù á burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo dàgbà, mo lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà, mo padà dé, ẹ ṣì ń kọ ọ́. Mo fojú tẹ́ńbẹ́lú yín, Bàbá. Mo máa ń wò yín lórí àpótí yẹn, pẹ̀lú fìlà tó ti ṣá àti ìka tí ẹ nà sókè, n óò sì máa sọ nínú ara mi pé ara oko kì í kúrò lára èèyàn.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ yín, mo gbé ẹ̀rọ náà fún ọkùnrin kan tó ń kó irin àlòkù ní Bushrod Island. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ àwo inú rẹ̀. Mo yọ ọ́, mo sọ ọ́ sórí ààtàn lójú rẹ̀, ó fọ́ sí méjì. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ bó ṣe fọ́.

Àṣìṣe mi ni pé mo sọ ìtàn yìí fún Ẹnjiníà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Nígbà tó wá gba ìsinmi lọ sí Èkó, ó wá irú àwo náà kàn, èyí tí kò ní àlébù kankan, ó rà á bọ̀ fún mi, ó sì pe gbogbo wa lọ́jọ́ Sọ́ńdè láti wá gbọ́ bí orin bàbá mi ṣe yẹ kó rí gan-an. Gòjé bẹ̀rẹ̀, akọrin dá a, mo jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ibẹ̀, ìka mi ti gbéra nílẹ̀ kí n tó mọ̀. Ṣùgbọ́n akọrin kò dúró. Ó kọjá wẹ́rẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rí. Ó ń ki oníbáárà rẹ̀ kan tó ní ọkọ̀ akẹ́rù, ó ki ọkọ̀, ó ki dẹ́rẹ́bà, ó ki àwọn ìyàwó ilé. Ṣé ohun tó wà lábẹ́ ibi tí mo ha yẹn ní gbogbo ọdún yẹn nìyí? Ọlọ́kọ̀ akẹ́rù? Mo bú sẹ́kún níbẹ̀. Ẹnjiníà bojú wo àwọn tó kù, inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé bass ló pa mí lẹ́kún.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti rí oorun sùn dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí mo fi gbogbo ìgbà èwe mi sá fún ni mo wá ń wá kiri. Ìlà àkọ́kọ́ nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Ìyá mi ti lọ kí n tó gbọ́njú. Láti ìgbà tí ẹ̀yin náà ti lọ, kò sí ẹnì kan ní gbogbo ìlú yìí tó pè mí ní Àṣàkẹ́. Mísì ni wọ́n ń pè mí. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé èébú ni ẹ fi parí orin yẹn, mo fẹ́ gbọ́ èébú náà.

Mo lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ yín méjì tí ẹ jọ máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ kò mà lọ́rẹ̀ẹ́, Bàbá. Ọ̀kan ní orin Ọlọ́run lẹ máa ń kọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù fún mi. Èkejì ní òun kì í fetí sí orin sákárà torí ẹ̀sìn, òun tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélẹ̀ níbi tó ti ń ta á mọ́ ìlù. Wọ́n mọ iye ìgbà tí aládùúgbò sín lánàá, ṣùgbọ́n wọn kò mọ orin tí ẹ kọ sí wọn létí lójoojúmọ́.

Ẹ rántí Ol' Ma Jebbeh, ìyá ẹlẹ́ja gbígbẹ tí àtíbàbà rẹ̀ fara ti ṣọ́ọ̀bù yín. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni, kò gbọ́ Yorùbá kọjá ẹ káàárọ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn láti bi í. Ẹja lásán ni mo lọ rà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bó ṣe ń ṣa ẹja, mo ń kùn ìbẹ̀rẹ̀ orin náà lẹ́nu láìmọ̀. Ó dáwọ́ dúró, ó wò mí.

“Da your pa song,” ó ní orin bàbá mi ni. “I know it plenty, my daughter.”

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó na ìka kan sókè, bí ẹ ṣe máa ń nà án gẹ́lẹ́, ó sì kọ ọ́ jáde:

Àṣàkẹ́ ló ha àwo mi,
Ẹ má bá mi nà án o.
Àwo ń bẹ lọ́jà,
Àwo ń bẹ lọ́jà,
Ọmọ ò sí lọ́jà.

Láàárín ìlà kẹta àti ìkẹrin, ó wúkọ́. Kì í ṣe pé ikọ́ ń ṣe é. Ibẹ̀ lẹ ti máa ń wúkọ́ nítorí èéfín ẹja rẹ̀, ó sì rò pé ara orin ni. Yorùbá ẹnu rẹ̀ rọ̀ bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi, síbẹ̀ kò sí ọ̀rọ̀ kan tí n kò gbọ́ yékéyéké. Mo jókòó lé agbọ̀n ẹja.

“Wha' it mean, enh?” ó bi mí. “All dese years, I want ask him.”

Mo sọ fún un pé ẹ ní ẹ kò bínú sí mi.

Ó wò mí bí ìgbà tí èèyàn ń wo ọmọ tí kò gbọ́n. “But everybody know dat,” ó wí, ó sì padà sídìí ẹja rẹ̀.

Mo lọ sí Congo Town ní Sọ́ńdè àná. Mo ní kí Ẹnjiníà gbé àwo náà sí i fún wa. Ó nù ún, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó dijú. Nígbà tó dé ibẹ̀, mo dìde, mo fi ìka gbé abẹ́rẹ́ sókè, mo sì kọ tiyín sí wọn létí látòkèdélẹ̀, pẹ̀lú ikọ́. Òṣìṣẹ́ báńkì jí. Ìyàwó rẹ̀ ń wá báàgì rẹ̀. Ẹnjiníà ń pariwo pé mo fẹ́ ba abẹ́rẹ́ òun jẹ́, pé láti Jámánì ló ti wá. Mo ní kó má bínú, mo ní n kò ní lè fẹ́ ẹ, mo mú àwo mi, mo sì wọ takisí lọ sílé. Ohùn mi kò dára, Bàbá. Tiyín ni mo gbé.

Gbogbo ẹ̀gàn tí mo fi wò yín ti padà sọ́dọ̀ mi báyìí, n kò sì mọ ibi tí n óò gbé e sí. Ṣé ẹ mọ̀ pé mo ń sá? Ṣé ẹ máa ń gbọ́ orin ilé ìwé tí mo ń kọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù? Àbí ẹ rò pé mo ti gbọ́ ọ dópin lọ́jọ́ àkọ́kọ́, pé bíi ká máa ṣeré ló rí láàárín àwa méjèèjì? Kí ló dé tí ẹ kò fi ìlà tó gbẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀?

Èmi ni, ẹni tó ha àwo yín,
Àṣàkẹ́, ọmọ tí kò sí lọ́jà.