Ìwé Ìhágún Ọjọ́ Ìsìnkú
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oṣù kẹjọ, 2009

Ọ̀rọ̀ Díákónì wa rí mi lára.

Kóòtù ní kí èmi onímọ̀ ẹ̀rọ yẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò fún lọ́yà opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ń lé obìnrin náà kúrò nílé ọkọ rẹ̀ ní Randburg níbí, ó ní ẹ̀gbọ́n òun fi ìwé ìhágún gbé ilé náà fún òun kó tó kú. Irọ́! Ó ti pa á rẹ́ lórí ẹ̀rọ, mo hú u jáde. Ọjọ́ ìsìnkú ẹ̀gbọ́n náà gan-an ló tẹ̀ ẹ́.

Díákónì pè mí lọ́sàn-án. “Àbúrò, ọmọ ìlú kan náà ni wá. Bò mí láṣìírí.”

“Ẹ̀gbọ́n, ó ti dé ọwọ́ lọ́yà.”

Mo rántí ọjọ́ ìsìnkú náà. Ó jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń tẹ kọ̀ǹpútà, omijé lójú. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìdágbére ló ń kọ.

Ṣájà mi ni mo yá a.