Yàrá Tí A Fi Kún Ilé Yín

Bàámi tí mo fẹ́ràn,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ilé ni ẹ máa kọ́kọ́ béèrè, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Yàrá méjì tí ẹ fi sílẹ̀ ti di mẹ́rin, a sì ti kan pánù tuntun lé gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí àìsàn yín le, ẹ ní inú ilé ni kí a sin yín sí, bí wọ́n ṣe sin bàbá yín ní Òkè Ìdànrè. Èmi ni mo dá yín lóhùn pé mo ti gbọ́. Ọjọ́ náà dé, wọ́n gbẹ́ yàrá yín, kò jìn rárá tí ọkọ́ fi kan àpáta. Wọ́n gbẹ́ yàrá kejì, àpáta náà ni. Iwájú ìta nìkan ni ilẹ̀ ti jinlẹ̀, níbi tí ẹ ti máa ń gé èékánná yín láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ni a tẹ́ yín sí. Láti ìgbà náà, tí òjò bá ń rọ̀ ní Aládé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé, n kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń kà mọ́. Ṣé òtútù ń mú yín? Ṣé ẹ bínú sí mi?

Lẹ́yìn ìkórè kòkó tó kọjá, Adéyẹmí àbúrò mi ní òun fẹ́ gbéyàwó, òun ò sì ní mú ọmọ ọlọ́mọ wá sínú ilé tí Màámi ti ń sùn láàárín àpò kòkó. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ibi tí ẹ kọ́lé sí: àpáta ni ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sísàlẹ̀. Iwájú nìkan ló ṣeé fẹ̀. Jímọ̀ bíríkìlà wá, ó na okùn rẹ̀, okùn náà sì gba orí sàréè yín kọjá.

Màámi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kàn gbé àpótí ìjókòó wọn síbẹ̀, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí.

Adéyẹmí ní, "Màámi, ẹni tó ti kú ò mọ ibi tí ilé gbà."

Wọn ò wo ojú ẹ̀. Jímọ̀ ní kí a fi ọ̀rọ̀ yàrá sílẹ̀ ná, kí òun kọ́kọ́ mọ ògiri òkúta sísàlẹ̀ iwájú ilé, tí yóò gba ilẹ̀ dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dáná sun àpáta, wọ́n da omi tútù sí i títí ó fi là, wọ́n sì ń ru òkúta.

Ògiri náà ò tíì gbẹ nígbà tí òjò ọ̀sán kan dé. Omi ya láti orí àpáta, ó gbá ògiri lọ, ilẹ̀ sì ń ya tẹ̀ lé e títí ó fi dé ibi ẹsẹ̀ yín gan-an. Mo pariwo. Adéyẹmí, tí ó ní ẹ ò mọ nǹkan kan, ló bẹ́ sínú ẹrẹ̀. Ó gbé páákó dènà ilẹ̀, ó fi ẹ̀yìn tì í, ó ń ké, "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́! Bàámi, ẹ jọ̀ọ́!" Jímọ̀ àti èmi bá a tì í títí òjò fi dá.

Ibẹ̀ ni Màámi ti sọ̀rọ̀, aṣọ wọn rin gbingbin.

"Jímọ̀, ẹ mú un wọlé."

"Ta ni, Ìyá?"

"Bàbá wọn. Ẹ kọ́ yàrá tèmi yí i ká."

Bàámi, mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mo sunkún. Kí ló dé tí èmi ò fi ronú kan ìyẹn láti ọjọ́ yìí?

Jímọ̀ tún ògiri náà mọ, ó nípọn ní ìlọ́po méjì. Òjò ti rọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò mì. Adéyẹmí ló fọwọ́ ara rẹ̀ fi sìmẹ́ńtì tẹ́ ilẹ̀ orí yín, kò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kankan bá a ṣe é.

Màámi kó wọlé lọ́jọ́rú. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni bẹ́ẹ̀dì wọn wà, wọn ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni gbé àpò kòkó sí ọ̀dọ̀ yín. Láàárọ̀, nínú ọlidé tí mo wà nílé yìí, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń fẹjọ́ Adéyẹmí sùn yín, pé kì í tètè mu ẹ̀kọ rẹ̀ títí á fi tutù. Kí lẹ máa ń fún wọn lésì?

Yàrá kẹrin ṣófo. Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá ilé ìwé wa pé kí wọ́n gbé mi kúrò ní Aládé wá sí tòsí ilé. Wọn ò tíì dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n mo ti rán kọ́tìnnì yàrá náà.

Èmi ni, ọmọbìnrin yín tí ọkàn rẹ̀ ti fúyẹ́.